Góòlù Tí Leo Quilty Kò Rántí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe di ìyàwó Leo Quilty, kó má wulẹ̀ bi mí ní ọdún tàbí oṣù. Ìdíje bọ́ọ̀lù ni kó bi mí. Láti kékeré ni mo ti ń fi bọ́ọ̀lù ka ọjọ́ ayé mi, bọ́ọ̀lù tiwa yìí tó rí bí ẹyin, tí a ń fẹsẹ̀ gbá, tí a sì ń fò sókè lọ fọwọ́ mú. Bí ẹ bá ní kí n sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìdíje tí ojú mi rí, mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ni mo kórìíra jù. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Warrabin ni wọ́n bí mi sí, ìlú àwọn àgbẹ̀ àlìkámà kan tó jìnnà sí Melbourne. Òpópónà kan la ní, ilé ìjọsìn méjì, pápá bọ́ọ̀lù kan. Elva ni orúkọ mi. Bàbá mi, Lachlan Strachan, ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Ó wà lára àwọn tó gba ife fún Warrabin lọ́dún 1931, láti ìgbà náà ìlú wa kò sì tún fojú kan ife mọ́. Àwòrán ẹgbẹ́ ọdún yẹn wà lára ògiri pálọ̀ wa nínú férémù ńlá. Àwòrán ìgbéyàwó òun àti ìyá mi wà lábẹ́ rẹ̀, kò tó ìdajì rẹ̀.  Ìyá mi ló máa ń nu eruku ara méjèèjì, ti ìgbéyàwó ló sì máa ń kọ́kọ́ nù.

Máìlì méjìlá ni ìlú Tallagoon sí wa. Ọmọ ìjọ Àgùdà ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí baba ńlá wọn ti Ireland wá. Àwa jẹ́ ìjọ àwọn ará Scotland. A kì í ra ẹran lọ́wọ́ alápatà wọn, wọn kì í ra búrẹ́dì lọ́wọ́ tiwa. Orí pápá nìkan la ti ń pàdé, lọ́jọ́ Sátidé, ìjà ló sì máa ń dà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí lọ́dún 1962, nígbà tí Tallagoon wá bá wa gbá lọ́jọ́ kan tí òjò ti sọ pápá di ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn òpó góòlù ni mo máa ń dúró sí, nítorí àbúrò ìyá mi, Bọ̀dá Clarrie, ni adájọ́ ẹnu òpó. Aṣọ funfun gígùn ló máa ń wọ̀, àsíá méjì lọ́wọ́. Bí góòlù bá wọlé, á fi méjèèjì, àmì mẹ́fà nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, á fi ẹyọ kan, àmì kan péré. Kò gbéyàwó. Ó ní òun kò lè fẹ́ ẹni tí á máa bi òun lálẹ́ Sátidé ìdí tóun fi fi ẹyọ kan.

Ọ̀nà mẹ́rin la máa ń pín ìdíje sí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdámẹ́rin tó kẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Tallagoon, tí nọ́ńbà méje wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, sáré wá sí ẹ̀bá ọgbà níwájú mi. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ jọ̀ọ́, arábìnrin, ẹ bá mi mú nǹkan yìí dání. Mo gbàgbé láti yọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn yín sì ti fẹ́ mú mi gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì.”

Mo na ọwọ́ mi tó wà nínú ìbọ̀wọ́. Eyín àtọwọ́dá ló gbé lé mi lọ́wọ́, gbogbo ti òkè.

“Kí ni orúkọ yín?”

“Elva.”

“Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sẹ́rẹ̀ o, Elva. Tí mo bá gbá góòlù wọlé, mi ò ní rẹ́rìn-ín títí n ó fi padà dé ọ̀dọ̀ yín.”

Góòlù mẹ́ta ló gbá wọlé ní ìdámẹ́rin yẹn, lóòótọ́ kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mi ò lè gbàgbé. Ó sáré láti ẹ̀yìn, ó fi orúnkún gun èjìká ọmọ Warrabin méjì bí ẹni gun àkàbà, ó sì já bọ́ọ̀lù lókè bí ẹni já èso, kó tó gbá a wọlé. Èmi ọmọ alága, mo pariwo ayọ̀. N kò mọ̀ pé bàbá mi ti dé ẹ̀yìn mi.

“Elva, kí lo mú dání nínú ìbọ̀wọ́ yẹn?”

“Eyín ni, Bàbá.”

“Eyín ta ni?”

“Ti nọ́ńbà méje wọn.”

Ó tọ́ka sílẹ̀. “Jù ú sínú ẹrẹ̀.”

N kò jù ú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá mi máa pàṣẹ tí n kò ní ṣe é. Lẹ́yìn ìdíje, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá, ó yíjú sẹ́yìn, ó ki eyín bọ ẹnu, ó wá yíjú padà sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí.

“Leo Quilty ni mí,” ó wí. “Olùrẹ́run àgùntàn ni mí. Ọwọ́ méjì yìí ni mo ní láyé, àti eyín tí ẹ bá mi tọ́jú.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Bọ̀dá Clarrie ti di alárinà wa. Adájọ́ ní ìdí tí á fi dé gbogbo pápá, àpò aṣọ funfun rẹ̀ sì jìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé lẹ́tà fún un, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe, Elva?”

“Mi ò mọ̀, Bọ̀dá.”

“Ó dáa. Tí o bá ní o mọ̀ ni, n kì bá gbé e.”

Lẹ́tà Leo kì í gùn. Ọ̀kan kà báyìí: “Mo rẹ́run ọgọ́fà àgùntàn lónìí. Nǹkan bí ogójì lára wọn jọ bàbá yín. Mo fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú wọn, kí wọ́n lè bá mi sọ ọ̀rọ̀ rere nílé.” Mo kà á títí ìwé náà fi fẹ́ ya. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń bi ara mi pé ṣé èmi ló fẹ́ àbí ó kàn dùn mọ́ ọn láti jí ọmọ Strachan. Mo tún ń bi ara mi pé ṣé òun ni mo fẹ́, àbí bó ṣe ń fò lọ já bọ́ọ̀lù lókè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyàwó alápatà wa rí wa níbi ijó kan ní Tallagoon. Ìròyìn dé ilé kí n tó dé.

“Láti òní lọ,” bàbá mi wí, “ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ tẹ pápá mọ́.”

“Kí ni Leo fi ṣe yín, Bàbá?”

“Òun fúnra rẹ̀ ò ṣe mí nǹkan kan. Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àmọ́ ọmọ tí o bá bí fún un, ọmọ Póòpù ni. Mi ò tọ́ ọ fún Póòpù.”

Báyìí ni mo ṣe di ẹlẹ́wọ̀n lọ́jọ́ Sátidé. Ilé wa kò ju máìlì méjì lọ sí pápá. Inú mọ́tò ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń wòran, bí góòlù bá wọlé wọ́n á fọn fèrè mọ́tò. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, kí n máa ka fèrè láti òkèèrè. Ọjọ́ tí Tallagoon wá, mo ka mọ́kàndínlógún. N kò mọ èyí tí Leo gbá wọlé nínú wọn. Mo ń wò ó lọ́kàn mi bó ṣe ń wo ẹ̀yìn òpó tí kò rí mi. Ìyá mi jáde, ó gbé tíì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó padà wọlé.

Mo rò pé ọ̀dọ̀ ìyá Leo ni ìrànlọ́wọ́ yóò ti wá. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, Bọ̀dá Clarrie fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ. Opó ni Ìyáàfin Quilty, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì. Ọmọ rẹ̀ kejì, Frank, tó fi ọdún kan kéré sí Leo, dúró lẹ́nu ọ̀nà, èjìká rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà náà.

“Ẹ kú ọ̀sán, mà.”

“Jókòó. O rẹwà. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀.” Kò gbójú sókè. “Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé òrìṣà là ń bọ, àbí?”

“Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, mà.”

“Bàbá rẹ sọ ọ́. Gbọ́, ọmọ. Fadá ò ní so yín pọ̀ níwájú pẹpẹ, nítorí o kì í ṣe tiwa. Yàrá ẹ̀yìn ni, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ Fadá sí. Kò sí òdòdó, kò sí orin. Àkọ́bí mi, kó wá gbéyàwó bí ẹni tó ń jí adìẹ gbé?”

“Mà, ibi yòówù kó jẹ́, èmi ò bìkítà.”

“Èmi bìkítà,” ó wí, ó sì ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ń jáde, Frank kúrò lọ́nà fún mi. “Ẹ má bínú sí Màmá,” ó rọra wí. “Leo ni ojú tí wọ́n fi ń ríran.”

Oṣù kẹta ọdún 1964 ni Leo wá sí oko wa lójú ọ̀sán gangan, tó bọ́ fìlà, tó sì sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì fèrèsé ilé ìdáná. Bàbá mi gbé apá méjèèjì lé orí géètì, kò ṣí i.

“Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo ògiri pálọ̀ mi,” ó wí. “Mi ò fẹ́ kú láìrí òmíràn.”

“Kí ló kàn mí níbẹ̀, sà?”

“Wá gbá fún wa. Tí Warrabin bá gba ife lọ́dún yìí, fẹ́ ọmọ mi níwájú pẹpẹ tó bá wù ọ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀.”

“Tí a ò bá gbà á ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé kóówá padà sílé baba rẹ̀ nìyẹn.”

Ojú tì mí. Bàbá mi fi mí tọrọ ife bí ẹni fi ẹran dẹ pàkúté. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé inú mi tún dùn. Ọmọ Warrabin ni mí. Mo fẹ́ Leo, mo sì fẹ́ ife náà, ó sì dà bí ẹni pé ọwọ́ mi lè tẹ méjèèjì. Nígbà tí Leo rí mi lójú ọ̀nà, ó ní, “Elva, kí ni kí n ṣe? Tí o bá ní ká sá lọ sí Melbourne, mo ti ṣe tán.”

Mo ní, “Wá gbá fún wa.”

Ọjọ́ tó fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ wa ni ìyá rẹ̀ kó abọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Leo lọ ń sùn sí yàrá ẹ̀yìn ilé Bọ̀dá Clarrie. Frank dá a dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní, “Tí a bá pàdé lórí pápá, mi ò mọ̀ ẹ́ rí.” Leo sọ ọ́ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́.

Ìdíje àṣekágbá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, àwa àti Tallagoon, ní pápá Birrook. Mọ́tò yí pápá ká ní ìlà mẹ́ta. Bàbá mi gbà kí n wá. Leo ti gbá góòlù mẹ́rin wọlé nígbà tí ìdámẹ́rin kẹta ń parí lọ. Bọ́ọ̀lù gíga kan ń bọ̀, ó fò sókè, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀run. Frank sáré wá láti ẹ̀gbẹ́. Kò wo bọ́ọ̀lù. Èjìká rẹ̀ ló fi gba Leo létí. Mo gbọ́ ìró náà níbi tí mo dúró sí, bí igi gbígbẹ tó kán. Leo já lulẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì nà gbọọrọ sókè, wọn kò wálẹ̀. Kò sí ẹni tó fọn fèrè.

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá onípáànù tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń múra. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Mo wọ ibẹ̀. Leo wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ti bì sára ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hobbs, tó ń tọ́jú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, tó sì jẹ́ pé ẹṣin ló ń tọ́jú lọ́jọ́ iṣẹ́, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Leo, èmi nìyí.”

“Ṣé àgùntàn ti wọlé tán?” ó bi mí.

“Kò sí àgùntàn níbí, Leo.”

“Ó dáa.” Ó tún gbójú sókè. “Ṣé àgùntàn ti wọlé tán?”

Hobbs dìde. “Alága,” ó wí, “ẹṣin tó bá ń wò báyìí, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gùn ún.”

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.  Kò wo Leo. Èmi ló ń wò. Àmì mẹ́jọ ni Tallagoon fi wà níwájú, ìdámẹ́rin kan ló sì kù. Tí ó bá ti sọ̀rọ̀ ni, tí ó bá ti pàṣẹ, ǹ bá rí ẹni di ẹ̀bi rù láti ọjọ́ náà wá. Kò sọ nǹkan kan.

Èmi ni mo lóṣòó. Mo so okùn bàtà Leo tó tú. Mo ní, “Leo, dìde. Ìdámẹ́rin kan péré ló kù. Tí o bá jókòó síbí, wọ́n á mú mi lọ sílé, mi ò sì ní rí ẹ mọ́.”

Ó wò mí bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun. “Ṣé dandan ni?”

“Dandan ni.”

Ó dìde.

Ó kù díẹ̀ kí aago ìparí lù, a ti gbá góòlù kan sí i, àmì méjì ni Tallagoon ṣì fi ń ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù bọ́ lára àwọn tó ń jà á, ó ta pọ́n-ún lórí ilẹ̀, ó fò tọ Leo lọ. Ó gbé e, ó yíra po bí ẹni ń jó, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè rò. Bọ́ọ̀lù yí lófuurufú, ó yí, ó gba àárín òpó kọjá. Bọ̀dá Clarrie fi àsíá méjèèjì. Àmì mẹ́rin la fi borí. Fèrè mọ́tò kò dákẹ́ fún ìdajì wákàtí. Bàbá mi dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Bọ̀dá Clarrie náà ń sunkún, mo sì rò pé ayọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dá aṣọ funfun náà padà. Kò ṣe adájọ́ mọ́ láéláé. Ọdún púpọ̀ kọjá kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. “Lẹ́yìn góòlù yẹn, Leo sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,” ó wí. “Ó bi mí pé, ‘Bọ̀dá, ta ló gbá a wọlé?’”

Oṣù kọkànlá la ṣègbéyàwó nínú yàrá aṣọ Fadá. Ìyáàfin Quilty kò wá, Frank kò wá. Bàbá mi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló ṣí kóòtù rẹ̀ nígbà tí Fadá yíjú, tó fa ìdì òdòdó kékeré yọ láti abẹ́ apá, tó sì fi í lé mi lọ́wọ́.

Mi ò ní purọ́, ayé dùn. A ní ọmọbìnrin méjì. Leo fi ọdún mẹ́sàn-án mìíràn gbá bọ́ọ̀lù fún Warrabin. Ní ìrọ̀lẹ́, á ní, “Elva, sọ góòlù yẹn fún mi,” nítorí ìdámẹ́rin yẹn kò padà sí iyè rẹ̀ rí. Èmi á sọ ọ́ fún un, bó ṣe yíra po, bó ṣe fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Mo máa ń sọ pé òun fúnra rẹ̀ ló dìde lórí bẹ́ǹṣì, tó ní kò sí ẹni tó lè dá òun dúró. Ó máa ń fẹ́ràn ibẹ̀. Mo tún ń sọ àwọn yòókù fún àwọn ọmọ bí ẹni ń pàlọ́. Mo sọ ti 1967, nígbà tí ìjì eruku bo pápá, tí Leo gbá góòlù méje pẹ̀lú ojú kan tó ti dí. Mo sọ ti 1970, nígbà tó gbá ìlàjì kejì bí ẹni ń rìn lójú oorun, tó lọ jókòó sáàárín àwọn ọ̀tá lẹ́yìn ìdíje, tí gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Leo nígbà tí mo bá a nínú ilé ìrẹ́run, ẹ̀rọ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, àgùntàn wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi méjèèjì ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Leo tí kì í gbé ohùn sókè sí ajá, ó fẹsẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kan ó fún mi lọ́rùn ọwọ́ títí ó fi wú, ó ń bi mí léèrè ibi tí mo gbé ìyàwó òun sí. Mo ń sọ pé, “Èmi nìyí, Leo, èmi nìyí,” ó sì ń fún un sí i. N kò sọ fún àwọn ọmọ. Mo wọ ẹ̀wù alápá gígùn nínú ooru oṣù kìn-ín-ní.

Mo gbé e lọ sí Melbourne. Dókítà obìnrin kan wo àwòrán orí rẹ̀, ó ní ọgbẹ́ àtijọ́ pọ̀ nínú ọpọlọ náà, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ó fa ìwé sọ́dọ̀.

“Ìyáàfin Quilty, ṣé ẹ rántí iye ìgbà tó dákú lórí pápá? Tàbí ìgbà tí kò mọ ibi tó wà?”

“Mo rántí gbogbo rẹ̀,” mo wí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. 1964, Birrook. 1967, ìjì eruku. 1970. 1971, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ìkẹjọ, ẹnu mi wúwo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń kà. Àwọn ìdíje tí mo fẹ́ràn jù láyé ni, bí mo ṣe máa ń tò wọ́n fún àwọn ọmọ mi gan-an, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀.

“Ó tán?” dókítà bi mí.

“Kò tán,” mo wí, mo sì kà á tán fún un.

Ọdún 2014, àádọ́ta ọdún géérégé lẹ́yìn ife yẹn, mọ́tò akẹ́rù kékeré kan dúró lẹ́nu géètì wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Èjìká rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Frank kò tíì tẹ ilé wa rí. Níbi ìsìnkú ìyá wọn pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dúró sí. Leo jókòó sínú oòrùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kúbùsù bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Frank kò lè wò ó. Ó tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, kò jókòó.

“Mo gbọ́ ohun tí àwọn dókítà sọ,” ó wí. “Èmi ni mo ṣe é, Elva. Mi ò wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ pa á lára ni. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń gbé ẹ̀bi náà sùn, tí mo ń gbé e jí.”

Ì bá rọrùn fún mi láti dákẹ́. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹrù mi rù ló dúró yìí, mo sì lè jẹ́ kó gbé e padà lọ. 

“O gbá a ṣubú,” mo wí. “Èmi ni mo ní kó dìde.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí Hobbs wí, àti bí Leo ṣe bi mí bóyá dandan ni. Frank wá jókòó. 

“Mo rí i nígbà tó padà jáde sí pápá,” ó wí. “Inú mi dùn. Mo ti rò pé mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, ‘Ọlọ́run, ẹni tó gbé e dìde yìí, bá mi bù kún un.’” Ó nu ojú. “Ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi nìyẹn.”

Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Leo gbójú sókè. Oṣù mẹ́rin ti kọjá tí kò ti pe orúkọ ẹnikẹ́ni, tèmi tàbí ti àwọn ọmọ.

“Frank,” ó wí.

“Leo.”

“Jókòó. Ta ni màmá yìí?”

Frank wò mí. Mo mi orí fún un pé kó má sọ. “Ará ibí ni wọ́n,” ó wí. “Wọ́n ń tọ́jú ẹ.”

“Ẹ ṣé é, mà,” Leo sọ fún mi. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Frank, ṣé a gbà á?”

“Kí ni?”

“Ife. Àwa àti Warrabin. Mo rántí pé mo ṣubú. Mi ò rántí nǹkan mìíràn. Ṣé a borí wọn?”

 Nínú iyè Leo, kò tíì kúrò ní ẹgbẹ́ Tallagoon. Ìyá rẹ̀ kò tíì kó abọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Kò sí èmi níbẹ̀. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo sì jókòó.

“Ẹ borí,” mo wí. “Wọ́n gbé ọ kúrò lórí pápá, o ò sì padà wọlé mọ́.”

“Kò sí ẹni tó ní kí n padà?”

“Ọmọbìnrin kan wá bá ọ nínú yàrá ìmúra. Ó ní kí o jókòó.”

Leo rò ó wò. “Ó ṣeun,” ó wí. “Orí ń fọ́ mi gan-an.”

“Àmì mélòó la fi nà wọ́n, Frank?” ó tún bi àbúrò rẹ̀.

Frank ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Àmì méjì,” ó wí. “Àmì méjì péré.”

“Màmá á dunnú,” Leo wí, ó sì gbé ẹ̀yìn lé àga. Èmi ọmọ alága Warrabin, mo tún kúbùsù fà bo orúnkún rẹ̀, mo sì jẹ́ kí Tallagoon gba ife lọ.